Àmì Mẹ́ta Lábẹ́ Sítíárìn

Kétu ni mo ti wá. Mo ń tètè sọ ọ́ báyìí nítorí pé bí mo bá dárúkọ ìlú mi n'Íkòròdú, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀jọ́ta?" Màá ní rárá o, Kétu ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Kétu Alákétu. Wọ́n á ronú díẹ̀, ojú wọn á là: "Áà! Kútọnu!" Ó parí. Láti Kétu dé Kútọnu, ẹni tó bá jáde láàárọ̀, ebi á ti pa á kó tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni màá máa ṣàlàyé ìyẹn fún? Bí mo ṣe di Kútọnu nìyẹn. Ọ̀gá mi ń pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ń pè mí bẹ́ẹ̀, onílé mi náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà nínú àpò mi, lára káàdì kan tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí ní Kétu. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ̀ pupa kékeré kan, àti ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe sí ọkọ̀ náà.

Ẹni tó lọ sí ilẹ̀ òyìnbó, ó sàn fún un. Bí wọ́n bá ti la ẹnu tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ti mọ̀ pé àjò lòun wà. Èmi dé ìdálẹ̀, mo bá èdè ìyá mi níbẹ̀. Mo rò pé ilé ni mo dé. Mo wọ ilé oúnjẹ kan ní Itamaga, mo béèrè ohun tí mo fẹ́ jẹ, gbogbo wọn yíjú sí mi. Wọ́n ní mo ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga. Ọmọbìnrin tó ń bu oúnjẹ ní, "Ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ bí òmùgọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, inú bí mi, mo jáde láìjẹun. Onínúfùfù ni mí, n ò ní purọ́. Búrẹ́dì ni mo rà lọ́nà. Búrẹ́dì tiwa nílé gùn, ó le, bí o bá fi gbá ènìyàn á dùn ún. Èyí rọ̀ bíi tìmùtìmù. Mo jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan, mo ń jẹ nǹkan rírọ̀ yẹn, omi sì ń bọ́ lójú mi. Torí búrẹ́dì! Àgbàlagbà bíi tèmi.

Iṣẹ́ tó gbé mi wá ni sítíárìn yíyí. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí òun ló kó bá mi. Òfin Nàìjíríà ní sítíárìn mọ́tò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òsì. Òfin ààbò ni, òfin dáadáa sì ni: apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà níbí, ó yẹ kí awakọ̀ wà lápá àárín títì kó lè rí ẹni tó ń bọ̀ kó tó ya ọkọ̀ iwájú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí kì í mu epo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wá láti ìlú tí wọ́n ti ń gba apá òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà. Òfin tiwọn náà le níbẹ̀. Bí mọ́tò bá ti gbó díẹ̀, wọ́n á ní kò yẹ lójú ọ̀nà mọ́, wọ́n á tì í sínú ọkọ̀ òkun, ó di Kútọnu. Nígbà tí epo bẹntiróò wá gbówó lórí lójijì, ojú gbogbo Ìkòròdú là. Àwọn tó ń gbé ẹ́sítéètì, tí wọ́n ń lọ síṣẹ́ láàárín Èkó lójoojúmọ́, fi tapólì bo jíìpù wọn mọ́lẹ̀, wọ́n ń wá ọkọ̀ kékeré. "Èyí kì í mu epo," ni ọ̀gá mi máa ń sọ fún wọn, "ó kàn ń gbóòórùn ẹ̀ ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà á.

Kí wọ́n tó rà á, èmi ni màá gbé sítíárìn kúrò lọ́tùn-ún wá sósì. Màá gé dáṣíbọ́ọ̀dù sí méjì, màá yí i padà, màá tún un rán pọ̀. Báàgì afẹ́fẹ́ tó máa ń fò jáde gba ènìyàn láyà bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, kò sáyè fún un mọ́. Fóòmù la fi ń dí ihò rẹ̀, a ó fi awọ bò ó, a ó wá dọ́gbọ́n sí wáyà iná rẹ̀ kó máa tàn kó máa kú bíi pé báàgì ṣì wà níbẹ̀. Òfin ń wo ibi tí sítíárìn wà. Kò wo ọ̀nà tó gbà débẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kútọnu, Pátírọ́ọ̀nù là ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá níbẹ̀. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń pariwo mọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà tí kì í fi ṣeré. Èkíní ni irin gígùn tó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi iná jó o pọ̀. "Bó bá kúrú, wá èyí tó gùn. Bí o ò bá rí i, lọ sùn." Èkejì ni pé ẹni tó bá jó irin gbọ́dọ̀ fi àmì ara rẹ̀ sí i, kí iṣẹ́ má baà dà bí ọmọ tí kò ní bàbá. Kálukú wa ló ní tirẹ̀. Tèmi ni ẹ̀kán irin yíyọ́ mẹ́ta lórí ìlà kan, kékeré báyìí, nítorí ilà mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá mi.

Ọ̀gá Mùfú ni ọ̀gá mi ní Itamaga. Ènìyàn ńlá, ó máa ń rẹ́rìn-ín púpọ̀, ìgbà tí kò bá rẹ́rìn-ín ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Oṣù kejì tí mo dé, ọkọ̀ pupa kékeré kan wọlé. Wọ́n wá irin sítíárìn ọwọ́ òsì tó bá a mu títí, wọn ò rí. Ọ̀gá Mùfú gbé irin tọwọ́ ọ̀tún, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i láàárín, ó nà án sí mi.

"Kútọnu, gé e níbí, fi ọ̀pá yìí mú un gùn sí i, kó o jó o pọ̀."

"Ọ̀gá, a kì í jó ìyẹn."

Ẹ̀rín tán lójú ẹ̀. "Ta ni 'a'? Ìwọ àti ta ni?"

"Ọ̀gá, tó bá lọ já lójú títì ńkọ́?"

"Ìwé ìgbélùú ẹ dà?" Ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbà á. "Mo ní ìwé ẹ dà? Àbí kí n pe àwọn tó máa bá ọ wá a?"

Mo jó o.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo jó o dáadáa. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Mo fi gíráńdà ra á títí ó fi ń dán, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí mo ti gé e. Mo wá fi ẹ̀kán mẹ́ta mi sí i lábẹ́, bí àṣà. Ọ̀gá Mùfú gbé e sókè sí oòrùn, ó pariwo pé, "Ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ Kútọnu! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pe ara yín ní wẹ́dà, ẹ wá wò ó!" Ó ra mọ́ọ̀tì tútù fún mi, ó gbá mi lẹ́yìn. Oṣù méjì tí mo ti wà níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan yìn mí. Mo pe màmá mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Màmá, wọ́n ti mọ̀ mí síṣẹ́ níbí o."

"Ọmọ mi!" Mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn aládùúgbò, "Ọmọ mi ló ń tún mọ́tò àwọn ará Èkó ṣe o! Ẹ gbọ́?"

Orí mi wú. Lẹ́yìn èyí, mo tún jó mẹ́wàá mìíràn. Ohun tó ń bani lẹ́rù lẹ́ẹ̀kíní, tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, iṣẹ́ lásán ni. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún parí, mo ti ń súfèé bí mo ti ń gé e.

Ilé kan ní Ìgbògbò ni mo gba yàrá sí. Tíṣà Rùkáyà àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ló wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Ọmọ Ìwó ni, ọkọ rẹ̀ ṣì wà nílé lọ́hùn-ún, ó ń wá wò wọ́n lóṣooṣù. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé kan l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, òun náà ń lọ, ó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí mo kó dé, ó bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀.

"Kétu," mo ní.

"Kétu Alákétu," ó ní, kò tiẹ̀ ronú. "Ẹ káàbọ̀. Àlejò ni gbogbo wa níbí, Ìwó lèmi ti wá."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Kétu. Kò pẹ́ tó fi pa "ẹ" tì, tó ń sọ pé, "Kétu, o ò tíì jẹun, wá jẹun," torí ó fi ọdún bíi mẹ́wàá jù mí. Èmi náà ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Nímọ̀, ọmọ rẹ̀ àgbà, ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Kétu jù mí lọ. Mo máa ń bá a ṣe ìjà ẹ̀fẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Àríkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, máa ń sùn lọ lórí ẹsẹ̀ mi níbi tá a bá ti ń jẹun. Bí ẹnìkan bá bi mí pé ibo ni ilé mi n'Íkòròdú, orí ẹní tí a ń tẹ́ jẹun yẹn ni màá fọwọ́ tọ́ka sí.

Owó ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ wá le débi pé Tíṣà ń sọ pé ọkọ̀ lòun ń ṣiṣẹ́ fún. Ní ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá gbogbo ará ilé níwájú ìta. Àwọn Mùsùlùmí ń ṣe àdúà, àwọn Onígbàgbọ́ ń ṣe àmín, omi ń kán lára ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Kétu!" Tíṣà ń fò bí ọmọdé. "Wá bá mi yọ̀ o! Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ló ń ta á, wọ́n gbé tíṣà náà lọ sí iléèwé tó jìnnà. Kì í mu epo rárá. Ó ní ó kàn ń gbóòórùn ẹ̀ ni!"

Ọkọ̀ pupa náà ni.

Mo fẹ́ máa tan ara mi pé òmíràn ni. Ọkọ̀ pupa pọ̀ láyé. Mo ní kó jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, mo sùn gbalaja sílẹ̀ mọ́tò, mo ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo tan iná fóònù. Ẹ̀kán mẹ́ta ń wò mí bí ojú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, níbi tí irin méjì ti pàdé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo fà á. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Mo fi èékánná rìn lórí rẹ̀, èékánná mi sì wọnú rẹ̀.

"Kí lo rí?" Tíṣà bi mí látòkè.

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n. Ó dáa."

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti bi ara mi ní ìgbà àìmọye. Àwọn ènìyàn ń ṣàdúà, ojú rẹ̀ ń dán, Àríkẹ́ ti wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó ń juwọ́ sí àwọn ọmọ tó kù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Òótọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Ọ̀gá Mùfú.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ pupa ìjọ́sí ti ń là níbi tí mo jó."

"Ó ti já?"

"Kò tíì já."

"Kí lo wá ń sọ? Àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò lójú ọ̀nà ti rí i, wọ́n rí i pé ọwọ́ òsì ni sítíárìn wà, wọ́n ní kó máa lọ. Ìwọ wá mọ̀ jù wọ́n lọ?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Tó bá sì lọ já, wọ́n á ní táyà ló yọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé táyà ni. Wo ojú iṣẹ́ ẹ, Kútọnu. Àmì ta ló wà níbẹ̀? Tèmi ni?"

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo jó ara mi láwọ lọ́jọ́ náà.

Bí ìgbésí ayé mi ṣe rí fún oṣù méjì lẹ́yìn náà nìyí. Láàárọ̀, màá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, màá gbọ́ tí Tíṣà ń ṣáná sí ọkọ̀. Bó bá ti yí sítíárìn láti jáde lẹ́nu géètì, ìró kékeré kan á dún: kó. Màá máa bá a lọ lọ́kàn. Ó ti kọjá Ìmọ́tà báyìí. Ó ti dé Agbówà. Ó ti dé orí afárá Ìtòíkín, níbi tí àwọn tírélà tó ń kó yẹ̀pẹ̀ ti ń sáré bọ̀. Tí aago méjì ọ̀sán bá kọjá, n kì í lè jẹun mọ́. Tó bá ti fọn fèrè lẹ́nu géètì, màá fò dìde. Màá jáde lọ ṣí géètì fún un, màá ní, "Ẹ kú àbọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Á ní ará Kétu mà lójú àánú o.

Mo gbìyànjú ọgbọ́n. Ọgbọ́n ojo lásán. Mo yọ orí bátìrì rẹ̀ lọ́jọ́ kan kó tó jí. Mo tú afẹ́fẹ́ táyà méjì lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó wọkọ̀ èrò lọ, mo jẹun, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ló máa pè láti bá a tún un ṣe? Èmi náà ni! Mo dúró síbẹ̀, mo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú táyà tí mo tú, ó ń gbàdúrà fún mi.

"Kétu, Ọlọ́run ló fi ọ́ jíǹkí mi. Ká ní o ò sí nílé yìí, kí ni mi ò bá ṣe?"

Mi ò lè wo ojú ẹ̀. Mo ní kò tó ọpẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, màmá mi pè. Ó ní kí ló dé tí n kì í pe òun mọ́. Mo ní iṣẹ́ ni.

"Ohùn rẹ ti yí padà."

"Ìlú yìí ni, Màmá. Mo ti ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn."

"Mi ò sọ ti èdè," ó ní. "Ṣé o ò ṣe ẹnìkan níbi?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Mo pa fóònù, mo jókòó tì í. Irọ́ tí mo pa fún obìnrin tó bí mi nìyẹn. Mo rántí ìgbà tí mo jẹ́ ẹni tó ń bínú tí wọ́n bá pè é lórúkọ ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ta ló wá sọ pé orúkọ ìlú mi yẹ mí báyìí?

Ìyá Tíṣà fẹ́ wá láti Ìwó. Tíṣà ní òun fẹ́ ra ẹja tútù àti ẹja gbígbẹ dè é ní Ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ó ní kí gbogbo wa jọ lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n lè rí ọ̀sà. Mo ní iṣẹ́ wà. Ó ní iṣẹ́ kì í tán. Mo ní kí àwọn ọmọ dúró nílé, ó ní kí ló dé? Àríkẹ́ ti wọ bàtà. Mo wo ọmọ náà, mo wọ iwájú ọkọ̀, mo jókòó níwájú fóòmù tí èmi fúnra mi fi dí ihò. Mo so bẹ́líìtì mi. Mo yíjú sẹ́yìn, mo so ti àwọn ọmọ, mo tún fà á wò.

"Kétu, ẹ̀rù ń bà ọ́ láti wọkọ̀ obìnrin ni?" Tíṣà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nímọ̀ fi ohùn Kétu dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

A dé Ẹ̀pẹ́ láyọ̀. Ọjà náà kún, ẹja ń ta pútúpútú nínú abọ́, àwọn obìnrin ń fi Ìjẹ̀bú nájà. Ohùn wọn sún mọ́ ti ilé wa ju gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ìgbà mìíràn, inú mi ì bá dùn. Tíṣà ra tirẹ̀ tán, ó tún padà sídìí ìsọ̀ kan, ó yan ẹja gbígbẹ ńlá kan, ó ní kí wọ́n fi bébà wé e dáadáa. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ti Màmá Kétu nìyí. Fi rán ẹni tó bá ń lọ. Sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n rẹ n'Íkòròdú ló ní kí wọ́n fi sebẹ̀."

Nǹkan kan já nínú mi. Mi ò lè dúpẹ́. Ó rò pé inú mi ló dùn.

Nígbà tá à ń bọ̀, ìró yẹn ti yí padà. Kò sọ pé kó mọ́, ó ń ha, ó ń ha. A ò tíì dé afárá Ìtòíkín nígbà tí mo rí i kedere: Tíṣà yí sítíárìn díẹ̀ láti yẹra fún kòtò, ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá kí ẹsẹ̀ mọ́tò tó dáhùn. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí ń wúwo lónìí." Tírélà yẹ̀pẹ̀ mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn lókèèrè, wọ́n ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ní ẹ dúró! Ẹ tẹ bíréèkì! Ẹ má yí i, ẹ ṣáà dúró!"

Mi ò jágbe mọ́ àgbà bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúró lẹ́bàá títì, nínú koríko. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo kó àwọn ọmọ jáde, mo fà wọ́n jìnnà. Àwọn tírélà kọjá, ilẹ̀ mì. Mo padà, mo jókòó síbi tí Tíṣà ti dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, mo fi gbogbo agbára yí i. Ó dún kẹ́kẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófìfo, bí ọmọrí ìkòkò. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ẹsẹ̀ mọ́tò ò mira.

Tíṣà gbé ọwọ́ lé àyà. "Subhanallah. Subhanallah. Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo tan iná fóònù, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo fi ìka kan ẹ̀kán mẹ́ta náà.

"Kí nìyẹn?"

"Àmì mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo jó o."

Ó nàró. Tíṣà ìṣirò ni, ó ń ro ó.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ó ń là?"

"Ọjọ́ tí ẹ gbé e délé."

Ó yíjú wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì níbi tí wọ́n dúró sí nínú koríko, tí Nímọ̀ di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ó wò wọ́n títí. Mo ti rò pé yóò gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi létí.

"Mélòó nirú èyí tí ẹ jó?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ti padà sí "ẹ."

"Mọ́kànlá."

"Ó ku mẹ́wàá," ó ní. "Àwọn ọmọ wà nínú ìyẹn náà. Ẹ lọ wá wọn, Kútọnu."

Ó dá ọkọ̀ èrò kan dúró, ó kó àwọn ọmọ àti ẹja rẹ̀ wọlé. Àríkẹ́ ń bi í pé ṣé Kétu ò ní tẹ̀lé wa ni. Nígbà tí ọkọ̀ ti lọ, mo rí i pé ó gbé ẹja gbígbẹ tó wà nínú bébà lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún mi. Ti Màmá Kétu. Kò gbà á padà.

Mo ti fi ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Mùfú sílẹ̀. Ó ní òun á fi ọlọ́pàá mú mi, mo ní kó pè wọ́n, kò pè wọ́n. Pátírọ́ọ̀nù fi irin sítíárìn gidi ránṣẹ́ sí mi láti Kútọnu lẹ́yìn tó bú mi bíi wákàtí kan lórí fóònù, mo fi sí ọkọ̀ pupa náà láìjó nǹkan kan. Tíṣà ti ń wà á padà. Bí a bá pàdé nínú ọgbà, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Kútọnu," á kọjá. Nímọ̀ kì í fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Géètì àti fèrèsé ni mo ń jó jẹun báyìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ sí iwájú mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, láti Itamaga títí dé Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké bá wà. Màá bẹ onímọ́tò kó jẹ́ kí n wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn kan á jẹ́ kí n wò ó. Àwọn kan á ní olè ni mí, wọ́n á lé mi. Mo ti rí mẹ́rin. Mẹ́ta nínú wọn, mo ti tú wọn, mo ti tún wọn ṣe. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀bá títì lẹ́yìn Agbówà ni mo ti rí i, kò ní iwájú mọ́, koríko ti hù gba inú rẹ̀ jáde. Mo bẹ̀rẹ̀, mo rí àmì mi. Ọkùnrin kan tó ń ta epo nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní wọ́n ní táyà ló yọ̀. Mo fẹ́ bi í ta ló wà nínú rẹ̀, ẹnu mi ò gbà á.

Màmá mi pè lánàá. Ó ní ẹja náà dùn, ó ní kí n kí ẹ̀gbọ́n mi n'Íkòròdú. Mo ní wọ́n á gbọ́. Ó ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wálé, ọdún méjì ti kọjá.

"Mi ò tíì lè wá, Màmá. Mo ń wá nǹkan."

"Kí lo sọ nù níbẹ̀?"

Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo dúró sí, ní Itamaga. Ọkọ̀ kékeré kan ya mọ́ mi lára, ó fẹ́ jáde sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, àwọn ọmọ iléèwé kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yí sítíárìn, mo sì gbọ́ ìró kan: kó. Mo ń sáré tẹ̀lé e, fóònù ṣì wà létí mi, màmá mi ń pariwo pé kí ló dé.

"Mẹ́fà ló kù, Màmá," mo ní. "Mẹ́fà ló kù."